Bọ́ọ̀sì tí a sọ di ilé ń fì lórí Third Mainland: kí ló yẹ kó ṣáájú?

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mercedes Sprinter ni. Táǹkì omi 100 lítà wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Tó bá kún, 100 kílò nìyẹn, iwájú á fúyẹ́, sitẹ́ríǹ á sì máa ṣe gbẹ̀rẹ̀. Tí atẹ́gùn ọ̀sà bá gbá a, á fì. Tó bá gun ojú àsopọ̀ afárá, ìdí á fò lẹ́ẹ̀mejì kó tó balẹ̀. Aláínmẹ́ǹtì táyà pé, bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà inú oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀) ò tíì jẹ.

Àwọn ará Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, ní ká fi ewé sípíríǹgì kan (irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ìdí ọkọ̀) kún un. Ìdí á ga lóòótọ́, àmọ́ á le koko, kò sì ní dá fífò dúró: iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì nìyẹn. Ṣé ká pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ni, àbí ká kọ́kọ́ gbé táǹkì wá sáàárín ọkọ̀?