“Kù” ni, kì í ṣe “kú”: lórí àga tí àbúrò wa kàn ní Lugbe, Abuja

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àbúrò wa fi pákó ibi ìkọ́lé àti páléètì (pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé) tó fọ́ kàn. Ó ní ká bá òun wá orúkọ fún irú àga bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kubwa sì dá a lóhùn pé “àga àdánwò onígi àlòkú”. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mi ò lè gbé èyí mì.

Ta ló fi ohùn òkè sórí “kù”? Àjẹkù, àgékù, àṣẹ́kù, àfọ́kù: ohun tó ṣẹ́ kù ni gbogbo wọn. Ohun tí a lò, tó sì kù, ni àlòkù. Àlòkú ńkọ́? A lò ó títí ó fi kú nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ní ọwọ́ òun ló ṣì í tẹ̀, pé kò tó ohun à ń jà sí. Ó tó bẹ́ẹ̀! Ohùn kan ṣoṣo yẹn ló ya pákó tó wúlò sọ́tọ̀ kúrò lára igi ìdáná.

Ẹ tún àwòrán àga tí àbúrò fi ránṣẹ́ wò. Sìmẹ́ńtì ṣì lẹ̀ mọ́ etí pákó kan, ihò ìṣó sì tò sí i lára. Àbúrò ní òun kọ́kọ́ ha sìmẹ́ńtì kúrò níbi tí òun fẹ́ rẹ́, torí bí ayùn bá kàn án, ayùn á kúnu. Ibẹ̀ ni “kú” wà, kò sí lára pákó. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Gúúsù, bí ọyẹ́ Abuja bá fẹ́ sí i, á sún kì, oríkèé àga á là. Ẹ bi àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Kugbo, ọjà àga ní Abuja. Pákó tó ti rí ọyẹ́ ti gbẹ tán, kò ní yí padà bẹ́ẹ̀ mọ́. Gerrit Rietveld, ará Netherlands, fi irú pákó tí wọ́n fi ń kan àpótí ẹrù kan àga ní 1934, àwọn èèyàn sì rà á. Òkú igi kọ́ ni wọ́n rà.

Ó ku “àdánwò”. Lẹ́nu àwọn àgbà, ẹni tí wàhálà bá ni àdánwò dé bá. Ta ló fẹ́ jókòó lé e? Ẹnìkan ní ká yí à- padà sí ì-, àmọ́ ìdánwò ti di ti ọmọ iléèwé. Èmi ní “àkànwò”. A ń tọ́ ọbẹ̀ wò, a ń wọ bàtà wò. Àbúrò náà kan àga wò, bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, á tú u, á tún un kàn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni “kàn” ní o. Ẹni tó ní ká kọ “àkanwò” torí pé a ń sọ pé “kan àga” ti gbàgbé pé ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló sọ ohùn rẹ̀ di àárín.

Ẹ̀gbọ́n ní òun ti fi Yorùbá kọ́ni pẹ́. A gbọ́. Bàbá mi ò kàwé, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ṣe ní Ìlọrin. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣi ohùn ìfági pè, kò ní gbé e fún un àfi tó bá tún un pè dáadáa. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ, ó sì ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ẹsẹ̀ mẹ́ta yóò dojú èèyàn bolẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin la máa ń ki bébà sábẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ ò bá tẹ́jú. Àbúrò sì ti ya ẹsẹ̀ tirẹ̀ síta kó má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ti ìyá wa ní Kaduna tó ní àpótí ni, pé kì í ṣe àga rárá, mi ò tíì gbà. Àpótí ò ní ẹ̀yìn. Èyí ní, bó tilẹ̀ kúrú. Kí àbúrò ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.