Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lè fa nẹ́ẹ̀fù (okùn inú ara tó ń gbé ìmọ̀lára àti iṣẹ́ ọpọlọ kiri) kó gùn?

ỌmọÌjọ̀mu: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ̀rọ ìlagi ló gé àbúrò mi lápá lọ́nà Ọ̀bà-Ilé níbí l'Ákùúrẹ́, oṣù 3 rèé. Egbò ti jinná o, àmọ́ ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀lé e ti ká kò bí èékánná àṣá, iná jó o níbẹ̀ lọ́jọ́sí kò tiẹ̀ mọ̀. Dókítà ní nẹ́ẹ̀fù ló gé, àlàfo ti wà láàrin ẹnu rẹ̀ méjèèjì, àfi kóun yọ nẹ́ẹ̀fù kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fi dí i. Màámi fàáké kọ́rí, wọ́n ní apá ti bàjẹ́ wọ́n tún fẹ́ fi ẹsẹ̀ kún un. Mo wá rí i kà pé wọ́n máa ń fa nẹ́ẹ̀fù díẹ̀díẹ̀ táá fi gùn. Ṣé òótọ́ ni?

Ekimọgun_Físíò: Nẹ́ẹ̀fù ń nà o. Àwọn tí wọ́n ń fi irin na egungun ẹsẹ̀ wọn bíi ti Ilizarov, dókítà egungun ní Rọ́ṣíà yẹn, mìlímítà 1 lójúmọ́ ni, wọ́n á tún pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, nẹ́ẹ̀fù á sì máa bá egungun lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ti fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gùn sí i, ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ á máa falẹ̀, tó bá tó 15 ó lè dúró pátápátá, ìdí tí dókítà ò fi wọ́ ọ pọ̀ rán nìyẹn. Fífa èyí tó ti gé, ara eku àti ọ̀bọ ni wọ́n ti dán an wò jù. Ti ẹsẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe.

ÌyáBọ́sẹ̀: Wọ́n ṣe é fún mi, àdá ló gé mi lápá lóko n'Ídànrè. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Mò ń rìn mò ń gúnyán, kìkì etí ẹsẹ̀ lápá òde ló kú, sílípáàsì á bọ́ n ò ní mọ̀ 😂

ỌmọÌjọ̀mu: Haa ẹ ṣé mà. Ó pẹ́ kí ọwọ́ tó jí?

ÌyáBọ́sẹ̀: Ó pẹ́ o! Tí wọ́n bá ta apá náà pẹ́pẹ́ á máa ṣe mí ṣìnnìnnì bí iná, ṣìnnìnnì yẹn ló ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ọwọ́.

Ekimọgun_Físíò: Bí nẹ́ẹ̀fù ṣe ń hù nìyẹn, bíi mìlímítà 1 lójúmọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ojú àpá dé ìka, tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, bí ọjọ́ 250 nìyẹn. Ẹran ọwọ́ ò sì ní dúró dè é, tó bá ti lé ní ọdún 1 sí ọdún kan àbọ̀ tí nẹ́ẹ̀fù ò dé ibẹ̀ á ti gbẹ, ẹ sì ti jẹ oṣù 3 níbẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ na ìka yẹn jẹ́jẹ́ kó má baà gan, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi omi gbígbóná jó o.

ỌmọÌjọ̀mu: Omi gbígbóná ni wọ́n ń fi jó o láràárọ̀ o 🙆 Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bá mi ṣe fóìsì nóòtù? Màámi ò gba tèmi gbọ́, àmọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ti sílípáàsì yẹn lẹ́nu yín…

ÌyáBọ́sẹ̀: Mo ń ṣe é lọ́wọ́.