Èsì: "agbára-ẹ̀mí" kẹ̀? Èémí ni, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò o. Àtàná ni mo ti fẹ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ inú ń bí mi. Ọ̀gá wa tó ń túmọ̀ ìwé fáwọn kóòṣì eléré ìje ló ní ká máa pe VO2 max, ìyẹn ọ́síjìn tó pọ̀ jù tí ara eléré ìje lè lò, ní "agbára-ẹ̀mí", ká sì máa pe ohun táwọn asáré Kẹ́ńyà ń ṣe ní Iten, ìlú orí òkè wọn, ní "ìgbaradì orí òkè fún agbára-ẹ̀mí". Háà! Mo ka gbólóhùn yẹn fún ìyá mi, wọ́n bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ààwẹ̀ ọ̀hún, wòlíì wo ló sì ń darí ẹ̀.

Ẹ̀mí kì í ṣe èémí. Mo mọ̀ pé "mí" ló bí àwọn méjèèjì, ẹ má wulẹ̀ kọ́ mi ní gírámà, ọdún 19 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ ìyá ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ò papọ̀ ni. Bàbá tó bí ìyá mi, ọdẹ ni wọ́n, ní Ìdànrè, tá a bá ń gun òkè tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn wọn, wọ́n á ní "èémí ẹ kúrú jù, ọmọ yìí." Kí ẹlòmíì wá sọ pé "ẹ̀mí ẹ kúrú" ńkọ́? Èpè nìyẹn, ìjà dé! Ẹ ẹ̀ rí bí ibi tí wọ́n ti yapa ṣe kéré tó.

Ilé là ń wò, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an. Ọ́síjìn tó pọ̀ jù tí ara lè lò láàárín ìṣẹ́jú kan ni, mílílítà mélòó fún kìlógírámù ara kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dọ̀fóró á gbà á wọlé, ọkàn á fi ẹ̀jẹ̀ tì í síwájú, iṣan á lò ó. A. V. Hill, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara, Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀bùn Nobel ti 1922, òun fúnra ẹ̀ ló gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn tó ń sáré yípo lórí koríko ní Manchester, tó ń mí sínú ẹ̀ kí wọ́n lè wọn ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù. Èémí ló kó sápò o, ká ní ẹ̀mí ni, wọn ì bá ti sin ín síbẹ̀.

Ọ̀gá, ẹ tún kọ ọ́ pé "kò sí ọ́síjìn" ní Iten, tó ga tó 2,400 mítà. Rárá o. Ìdá 21 nínú 100 náà ni ọ́síjìn jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ lókè àti nísàlẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ mọ́ni ló dín kù, kíndìnrín á fura, á tú EPO, èròjà tó ń pàṣẹ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, sẹ́jẹ̀, mùdùnmúdùn egungun á wá máa ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sí i, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara Kipchoge Keino ti Kẹ́ńyà àti Mamo Wolde ti Ethiopia fi ti mọ òkè kí wọ́n tó dé Òlíńpíìkì ní Mexico City, tóun náà wà lókè, ní 1968, tí wọ́n gba góòlù, Keino nínú 1,500 mítà, Wolde nínú máráthọ́ọ̀nù.

Tobi Amusan tí ẹ wá fi ṣàpẹẹrẹ "agbára-ẹ̀mí" ńkọ́? Ìṣẹ́jú àáyá 12.12 tó fi sá 100 mítà onídènà ní Eugene ní 2022, kí ló kan èémí níbẹ̀? Agbára tó ti wà nílẹ̀ nínú iṣan ló ń ná jù, eré á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ọ́síjìn tó ráyè ṣe púpọ̀.

Àǹtí wa tó ní "agbára ìmí", mo gbọ́ yín, àmọ́ fóònù yín ò lámì ohùn, ohun tó hàn sí mi lójú ò ṣeé kà nídìí oúnjẹ. "Òpin èémí" tí ẹlòmíì dá lábàá náà, ìkéde òkú ni. Èmi fara mọ́ "gbèdéke èémí". Ẹ fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn ni gbèdéke, mo mọ̀, ẹ mú tiyín wá.

Ẹni tó sì sọ pé Yorùbá Èkó ni mò ń sọ, mi ò tíì dá a lóhùn. Ó ṣì jẹ mí ní èsì lórí "iṣan" tó fi pe nọ́ọ̀fù, okùn tó ń gbé ìmọ̀lára kiri ara, lóṣù tó kọjá.