Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: àwọn fóònù ọ́fíìsì ti rí àdírẹ́sì gbà

Ẹ rántí pé mo béèrè ìdí tí àwọn fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì wa kò fi rí àdírẹ́sì gbà lórí VLAN ohùn (ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a yà sọ́tọ̀ fún fóònù), bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ń gba tiwọn. Ẹni tó dá mi lóhùn pé kí n wo DHCP relay (ohun tó ń gbé ìbéèrè àdírẹ́sì kọjá láti VLAN kan sí òmíràn) ló mọ̀ ọ́n: VLAN mìíràn ni sáfà DHCP, tó ń pín àdírẹ́sì, wà, ìbéèrè àwọn fóònù kò sì kọjá ráútà. Mo tan relay, mo tún fóònù tàn, kíá ni wọ́n gbà á. Option 66 (ètò DHCP tó ń sọ sáfà tí fóònù yóò ti gba ètò rẹ̀ fún un) ran àwọn fóònù tuntun lọ́wọ́. Àwọn àtijọ́ méjì kọ̀ jálẹ̀ títí mo fi fi option 150, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kún un. Dídín àkókò tí fóònù lè fi lo àdírẹ́sì kan kù kò ṣe nǹkan kan, òun ló sì jẹ ọjọ́ mi! Ó ku fóònù kan tó ṣì ń gba àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà. Ihò tí a fi so ó mọ́ switch (ẹ̀rọ tó ń so àwọn ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ni mo fura sí. Ẹ ṣeun.