Ẹja wo ló ń jẹ algae tí táǹkì lítà 75 lè gbà?

Ọmọ Peckham
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Táǹkì omi iyọ̀ mi gba lítà 75. Clownfish méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú zoanthid (ẹ̀dá òkun tó dà bí òdòdó) àti iyùn rírọ̀ díẹ̀, iyùn alààyè inú òkun, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Algae onírun, ohun bí ewéko tó ń hù nínú omi, ti bo òkúta, ó sì ti ń gun àwọn zoanthid lórí débi pé àwọn kan ò ṣí mọ́. Bí mo bá fà á tu lónìí, kì í pẹ́ tó fi ń hù padà. Omi ẹ̀rọ tí mo fi oògùn pa chlorine rẹ̀ ni mò ń lò. Ẹni tó ń ta ẹja fún mi ní kí n ra yellow tang. Ṣé kí n rà á? Mi ò fẹ́ ẹja tí yóò máa bu iyùn jẹ o.

Ará Houston
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Yellow tang lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri etí òkúta Hawaii láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Lítà 300 ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí ibi tí èèyàn ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Nínú lítà 75, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, ich (àrùn tó ń yọ àmì funfun sí ẹja lára) á tètè mú un, á sì máa fìyà jẹ àwọn clownfish yẹn. Ní 2015 ni Oceanic Institute ní Hawaii kọ́kọ́ rí i tọ́ dàgbà láti inú ẹyin, látìgbà náà ni àwọn kéékèèké tí wọ́n sìn ti ń dé ọjà. Wọ́n wuni, àmọ́ wọ́n ń bọ̀ wá dàgbà ni.

Lawnmower blenny ni kí ẹ wò. Ìyẹn kì í sinmi ẹnu.

Ìyá Onígíláàsì
Ará Houston, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ tang yẹn. Lórí lawnmower ni n ò ti bá yín lọ. Ó ń tó sẹ̀ǹtímítà 13, táǹkì lítà 110 sókè ló bá a mu. Nínú táǹkì kékeré, á jẹ gbogbo ohun tó wà tán, ebi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Òmíràn ò sì mọ̀ pé ewé òkun gbígbẹ lóúnjẹ. Mo ti rí èyí tí ikùn rẹ̀ fà sínú tí orí rẹ̀ wá tóbi ju ara lọ. Bí ebi bá wá pa á gan-an, kì í yọ iyùn sílẹ̀.

Àbúrò, tailspot blenny ni tìrẹ. Kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, àmì dúdú kan sì wà nídìí ìrù rẹ̀. Inú ihò òkúta ló ń gbé, orí nìkan ló ń yọ síta, ojú rẹ̀ kan á máa wo ọ̀tún, èkejì á máa wo òsì. Bó bá ti rí algae lára gíláàsì, á fò síbẹ̀, á fi ètè ha á, o ó sì máa rí ojú ibi tí ètè ọ̀hún gbé kan gíláàsì.

Ṣùgbọ́n algae fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń jẹ dáadáa. Èyí tó ti gùn bí irun, ìwọ lo máa fọwọ́ tu ú. Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ lójú rẹ. Tó o bá gbé e délé, máa so nori (ewé òkun gbígbẹ) tí kò ní òróró tí kò níyọ̀ mọ́ gíláàsì fún un, kí o sì fi àwọ̀n bo ojú táǹkì, torí ó máa ń fò jáde.

Baba Iyùn
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹja ni gbogbo yín ń sọ, èmi ń wo omi ẹ̀rọ yẹn. Òfin ilẹ̀ UK níbí gba nitrate tó tó míligíráàmù 50 nínú lítà omi mímu kan. Kò pa èèyàn lára, àmọ́ àjẹyó ni fún algae. Gbogbo ìgbà tó o bá pààrọ̀ omi, o ń bọ́ ọ ni. Oògùn tó ń pa chlorine ò sì yọ nitrate kúrò. Omi RO (omi tí ẹ̀rọ reverse osmosis ti sẹ́ mọ́) ni kó o fi po iyọ̀, òun náà ni kó o fi dí èyí tó bá gbẹ. Bí o bá yẹ phosphate, oúnjẹ algae mìíràn, wò tó sì sọ òdo, má tíì yọ̀: algae lè ti fà á mu tán. Oúnjẹ dídì, ṣàn án kó o tó fún wọn, kí iná sì má ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́.

Lẹ́yìn náà, òkúta tí kò sí iyùn lórí rẹ̀, gbé e jáde sínú báàkẹ́tì omi táǹkì tó o fà jáde, fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, èyí tí zoanthid wà lórí rẹ̀, wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kó o tó fọwọ́ kàn án. Palytoxin, májèlé tó wà lára àwọn kan nínú wọn burú gan-an bó bá ta sí ojú tàbí ojú egbò. Má ṣe fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, má sì sè é láéláé, torí àwọn ará ilé tó fa ooru rẹ̀ símú ti dèrò ilé ìwòsàn rí.

Kí ìgbín wá tẹ̀ lé e. Trochus ni kó o rà, bíi mẹ́rin. Bó bá ṣubú, á yí ara rẹ̀ padà. Astraea kì í lè yí padà, ibẹ̀ ló máa kú sí. Turbo ńlá á máa bi iyùn rẹ ṣubú.

Ọmọ Surulere
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín láti Lagos. Tuxedo urchin, ẹ̀dá òkun ẹlẹ́gùn-ún róbótó kan, ń jẹ algae onírun ju ẹja lọ, àmọ́ ó máa ń gbé iyùn tí wọn ò lẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn kiri, nítorí náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù mú gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì da oògùn ich tó ní copper sínú táǹkì náà. Á pa ìgbín, urchin àti iyùn.

Ọmọ Peckham
Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fagi lé tang. Omi RO ló kàn, kí trochus tẹ̀ lé e, tí omi bá ti dúró kí n wá tailspot. Fúláàtì tí mo rẹ́ǹtì ni mò ń gbé. Ṣé ẹ̀rọ RO ṣeé so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná láì lu ògiri?

Baba Iyùn
Ó ṣeé so. Ra èyí tó ní ẹnu tí wọ́n ń yí mọ́ ẹ̀rọ, kó o sì yí i kúrò tó o bá ti pọn tán. Lítà kan tó mọ́ lè ná ọ ní lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń ṣàn dànù. Gba ìyẹn sínú báàkẹ́tì, fi fọ ilẹ̀ tàbí fi da ìgbọ̀nsẹ̀ nù.