Sinimá òkèèrè lábúlé: àwọn àgbà ò ka Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán ò sì mọ́lẹ̀

Ọmọ Ìbàràpá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ onísinimá la dá sílẹ̀ lábúlé wa. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, lálẹ́ Sátidé, la fẹ́ máa gbé fíìmù ilẹ̀ òkèèrè síta gbangba fún ará ìlú, èrò bí ọgọ́rin. Yaaba tí Idrissa Ouédraogo ṣe ní Burkina Faso lọ́dún 1989 la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́: àwòrán wa rí bí aṣọ tó ti ṣá, bẹ́ẹ̀ 9000 lumens (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) ni wọ́n kọ sára páálí projector, ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára aṣọ. Ìkejì ló le jù: èdè Mooré ni wọ́n ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde nísàlẹ̀, àwọn àgbà wa ò sì ka Gẹ̀ẹ́sì. Jẹnẹrétọ̀ 950 la ní. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe?

Oníwáyà:
9000 yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. "ANSI lumens", ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ìlànà kan náà wọ̀n, ni kí ẹ máa wò. Àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí lára, òmíràn kì í tó 200 ANSI. Ẹ ṣírò ẹ̀: aṣọ tó fẹ̀ ní mítà 3, tó ga ní 1.7, ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 5 níbùú lóòró. 200 pín sí 5 jẹ́ 40 lumens lórí mítà kan níbùú lóòró. Tòkunbọ̀ 3000 ANSI á fún yín ní 600. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣí menu rẹ̀, ẹ wo "lamp hours": gílóòbù tó yẹ kó lo wákàtí 4000 tó ti lo 3500, ẹ ti gbèrò owó gílóòbù tuntun mọ́ ọn nìyẹn. Kówó tó dé, ẹ dín fífẹ̀ àwòrán kù sí mítà kan àbọ̀, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ọmọdé á jókòó sórí ẹní níwájú, àwọn àgbà sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ rán aṣọ dúdú mọ́ ẹ̀yìn funfun, kí iná má gbabẹ̀ kọjá. Gbogbo etí rẹ̀ lẹ ó so mọ́ ọparun yíká, kì í ṣe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ wú, àárín àwòrán á hàn kedere, ẹ̀gbẹ́ á rí bàìbàì.

950 ń gbé nǹkan bí 650 wáàtì. Projector 300, sípíkà 100, laptop 65: ó gbé e, àfi tí ogún èèyàn bá wá ki ṣájà fóònù bọ̀ ọ́. Ẹ po ọ́ìlì 80ml mọ́ epo lítà 4, kí ẹ kún táǹkì kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá ṣàdédé kú, fáànù inú projector á dúró nígbà tí gílóòbù ṣì gbóná, ibẹ̀ ni gílóòbù ti ń lọ. Ẹ fi UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró fún ìgbà díẹ̀) sáàárín. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó mítà 40, lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú wáyà 2.5mm.

Ìyá Alákàwé:
Oníwáyà, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n èdè ló máa lé èrò lọ. Tí àwọn tó ń bọ̀ bá mọ Yorùbá kà, ẹ wá fáìlì .srt Gẹ̀ẹ́sì fíìmù náà (ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán wà), ẹ ṣí i nínú Subtitle Edit (ètò kọ̀ǹpútà ni, ọ̀fẹ́ sì ni), kí ẹ túmọ̀ rẹ̀. Kí ìlà má ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ìlà kan má ju lẹ́tà 42 lọ. Ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrú, torí ẹni tí kì í kàwé lójoojúmọ́ ò lè sáré kà á. Tí ẹ bá ń tọ́jú fáìlì, UTF-8 (kóòdù tó gba àmì Yorùbá) ni kí ẹ yàn. Ibẹ̀ ló ti sábà ń bàjẹ́: bí ẹ bá rí "áº¹" níbi tó yẹ kó jẹ́ "ẹ", tàbí "á¹£" dípò "ṣ", kóòdù mìíràn ni ẹ̀rọ fi ń kà á. Nínú VLC, ètò tẹ́ ẹ fi ń wo fíìmù, ẹ lọ sí Preferences, Subtitles/OSD, ẹ yan UTF-8 àti Noto Sans (irú ìkọ̀wé kan).

Bí ọ̀pọ̀ wọn ò bá kàwé rárá, ògbufọ̀ ni. Iṣẹ́ táwọn kan fi ń jẹun ni ní Ùgáńdà: VJ ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n á gbé máìkì, wọ́n á máa fi Luganda tú fíìmù bó ṣe ń lọ. Kí tiyín wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ojú agbo. Kí ẹnì kan jókòó ti mixer (ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀), kó máa fa ohùn fíìmù wálẹ̀ dé ìdajì tí ògbufọ̀ bá ń sọ̀rọ̀, kó má pa á. Ohun tójú ń rí, kí ògbufọ̀ má sọ ọ́. Ohun tó ń bọ̀, kó má tú u.

Kó sì ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Nínú Yaaba, ìyá arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Sana, táwọn ará abúlé ń pè ní àjẹ́. Ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Bila ló ń pè é ní "yaaba", ìyá àgbà. Ìpè yẹn gan-an ni fíìmù náà. Bí ògbufọ̀ bá sọ pé "màmá yìí", ó ti bà á jẹ́.

Baba Onífíìmù:
Èmi ò ní fi Yaaba bẹ̀rẹ̀. Children of Heaven ti Majid Majidi (Íráànì, 1997) rọrùn jù: ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń pín bàtà kan ṣoṣo wọ̀ lọ sílé ìwé, ojú á ti yé kí etí tó gbọ́. Moolaadé ti Ousmane Sembène (2004) dá lórí dídábẹ́ fún ọmọbìnrin. Ẹ jẹ́ kó dúró títí èrò á fi mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jíròrò lẹ́yìn fíìmù.

Àṣẹ ńkọ́? Netflix tẹ́ ẹ sanwó fún, ti inú ilé yín ni. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ fíìmù, ẹ béèrè iye "non-theatrical screening" (àṣẹ láti fi fíìmù han èrò níbi tí kì í ṣe ilé sinimá), kí ẹ sọ iye èrò, ọjọ́, àti bóyá ọ̀fẹ́ ni. Kí èsì wà lákọsílẹ̀.

Ìyá Alákàwé:
Baba, mi ò gbà o. Abúlé tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ́ lójoojúmọ́ kò ní sùn ní ìdí Yaaba.

Ọmọ Ìbàràpá:
Ẹ ṣé gan-an ni. Sípíkà wa ń kùn "hùùù" lábẹ́ ohùn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, èsúnsún náà ńkọ́?

Oníwáyà:
Ẹ yọ ṣájà laptop, kó lo bátìrì. Lọ́pọ̀ ìgbà, kíkùn yẹn á dákẹ́. Ti èsúnsún: ẹ tan gílóòbù funfun kan lẹ́yìn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí iná rẹ̀ ò ti ní kan aṣọ, kí ẹ gbé bàsíà omi sísàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́jú ogún kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti tàn án. Àwọn ọmọdé á bá yín kó èyí tó bá kún bàsíà.