Ajá mi kì í dúró fún ajá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pápá ìdíje

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ajá ọdẹ ẹyẹ díje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Georgia l'Amẹ́ríkà ni mo wà. Ajá mi, irú ajá ọdẹ tí wọ́n ń pè ní Pointer, ọmọ ọdún mẹ́ta, a máa dúró gbọin bó bá gbóòórùn àparò bobwhite. Ẹyẹ fò, ìbọn dún, kò ní yẹsẹ̀. Orí mi máa ń wú! Àmọ́ bí ajá kejì bá kọ́kọ́ rí ẹyẹ tó sì dúró, dípò kí tèmi náà dúró, á kọjá síwájú rẹ̀, adájọ́ á ní kí n mú un kúrò. Mo ti fi okùn gígùn dá a dúró, mo ti lo ère ajá tí wọ́n fi pákó gé láti fi kọ́ ọ. Nílé ó ń gbọ́, níbi ìdíje kò gbọ́ mọ́. Ṣé kí n dá ìdíje dúró ná, àbí kí n máa mú un jáde pẹ̀lú ajá àgbà? Báwo lẹ ṣe kọ́ tiyín?